Àwọn Ìjọ Tí Wọ́n ń Bá Ènìyàn Gbé ní Èjìgbò



Bí ará Èjìgbò bá jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó ṣeé ṣe kí ariwo àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ má jẹ́ ti ọkọ̀ tàbí ti ọjà. Ti ẹ̀gà ni, lórí igi ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ariwo lásán. Ṣùgbọ́n nínú Súrà Al-An'aam, aaya 38, Ọlọ́hun pe ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ ojú òfurufú ní ummah, èyíinì ni ìjọ, Ó sì fi wọ́n wé ènìyàn. Àwọn àfáà a máa ka aaya náà dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó yọjú síta wo ìjọ tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀gà ná. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò ya ewé ọ̀pẹ tàbí koríko tútù ní fọ́nrán-fọ́nrán, yóò fi ẹnu hun ún mọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka bí ẹni hun agbọ̀n. Nígbà tí ilé bá parí, yóò dorí kodò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa gbọn ìyẹ́ apá, yóò máa pe abo. Abo yóò wọlé, yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí ewé ilé náà bá sì gbẹ láìsí abo tí ó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Igi kan ṣoṣo lè ru ọgọ́rùn-ún ilé báyìí, akọ kan a sì máa ní ju abo kan lọ. (Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èyí ṣe ẹ̀rí, kí ó rántí pé akọ ẹ̀gà a kọ́kọ́ kọ́ ilé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.)

Abo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ẹyin tirẹ̀ tí kì í yí padà: ti ọ̀kan funfun, ti èkejì bí ojú ọ̀run, ti ẹ̀kẹta ní àmì tó-tò-tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyẹ kan wà tí kì í kọ́lé, ilé oníléè ni ó máa ń yé sí kí wọ́n lè bá a tọ́mọ. Ẹ̀gà tí ó bá mọ ẹyin ara rẹ̀ dájú yóò ju ti àlejò nù. Ní ọdún 2005, David Lahti fi ìwádìí hàn pé ní erékùṣù Mauritius àti Hispaniola, níbi tí ènìyàn kó ẹ̀gà lọ láti Áfíríkà tí ẹyẹ olè yìí kò sì sí, ẹyin abo kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko lọ sí Másífà tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn yóò rí ìjọ mìíràn: ògán. Ọba kan àti ayaba kan ní ń bẹ nínú ìyàrá tí a mọ pa mọ́ wọn lára. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn, akọ àti abo, kò ríran. Àwọn ọmọ ogun wọn lórí ńlá, wọ́n sì lẹ́nu mímú. Àgbẹ̀ ni ikán yìí pẹ̀lú. Ó ń kó igi gbígbẹ àti ewé wọlé, ó ń fi wọ́n ṣe ebè tí ó ń gbin olú sí, olú náà ni ó sì ń sọ oúnjẹ líle di rírọ̀ fún ìlú. Olú tí àwọn ìyá ń ká lára ògán nígbà òjò, inú oko yẹn ni ó ti hù jáde.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èsúnsún a tú jáde. Ọmọ ọba ni gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n ń lọ tẹ ìlú tuntun dó, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti lọ tẹ̀dó sí Abidjan. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsúnsún, díẹ̀ kíún ni ó ń débẹ̀. Ẹyẹ gbé òmíràn, alángbá gbé òmíràn, abọ́ omi tí àwọn ọmọdé gbé sábẹ́ àtùpà gba ìyókù. Tọkọtaya tí ó bá yè yóò bọ́ ìyẹ́, yóò wọ ilẹ̀, wọn yóò sì jọ gbé títí ọjọ́ alẹ́ wọn.

Òótọ́ ni pé àwọn ìjọ wọ̀nyí ń ṣe ènìyàn níkà. Ẹ̀gà a jẹ àgbàdo, a sì ya ewé ọ̀pẹ títí yóò fi ku kìkì ọ̀pá. Ikán kò mọ ìyàtọ̀ láàrin igi àjà àti ìwé kéú. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbẹ̀ káwọ́ gbera máa wò. Aṣọ́komásùn wà, kànnàkànnà wà, ẹni tí ikán sì wọlé rẹ̀ lè fi oògùn lé e.

Iná ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Èèrà kan jẹ ọmọ lẹ́sẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ da kẹrosíìnì sí ihò, wọ́n ṣáná sí i. Ẹ̀gà jẹ oko, wọ́n ti iná bọ igi pẹ̀lú ọmọ ẹyẹ tí kò tíì lè fò. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé èèrà kan jẹ Ànábì kan láyé àtijọ́, ó ní kí wọ́n sun ìlú èèrà náà, Ọlọ́hun sì bá a wí pé nítorí ẹyọ kan ó pa odidi ìjọ tí ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Òun. Nínú ìwé Abu Dawud pẹ̀lú, àwọn sàhábà kó ọmọ ẹyẹ méjì lójú ìrìn-àjò, ìyá wọn ń rá bàbà káàkiri. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ó tún rí ìlú èèrà tí wọ́n ti sun, ó sì sọ fún wọn pé Olúwa iná nìkan ni ó tọ́ sí láti fi iná jẹni níyà.

Àwọn àgbà abúlé ti mọ bí a ti í ṣe é tipẹ́. Bí ìjàlọ bá tò wọ ilé lóru, wọn a gbé ọmọ àti arúgbó jáde, wọn a tú ewúrẹ́ sílẹ̀ lórí ìso, wọn a ṣí ilé adìẹ, wọn a sì jókòó sí ìta gbangba. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìjàlọ ti kọjá. Wọn a padà wọlé bá yàrá tí kò sí aáyán tàbí èkúté kan nínú rẹ̀.