Ìrókò Kì í Ṣe Àràbà: Bí A Ṣe Ń Dá Igi Mọ̀ Kí A Tó Pè É



Orúkọ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, èyí tí ó wà lẹ́nu gbogbo wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì fojú kan ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ìrókò ni. Bí a bá bèèrè níhìn-ín, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé irú igi wo ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ará Kúbà yóò fi àwòrán ceiba hàn wá. Èyí tí ó gbà á lọ́wọ́ ará Bràsíl yóò mú gameleira branca wá. Igi méjèèjì ní iyì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ará Ọ̀yọ́ tàbí ará Ìjẹ̀bú yóò pè ní ìrókò nínú wọn. Àpèjúwe sì ni oríkì. Ẹni tí kò mọ ohun tí a ń ṣàpèjúwe, ohùn lásán ni ó ń gbé jáde.

Igi igbó ni ìrókò, pàápàá igbó tí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú. A tún ń rí i tí ó dá dúró nínú oko tàbí láàárín ìlú níbi tí wọ́n ti gé àwọn igi yòókù, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba ẹni tí ó mú àáké dání. Ó lè ga tó mítà 50. Ara rẹ̀ gún gbọọrọ, ó rí roboto, ó sì lè tó mítà 20 kí ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó yọ. Èèpo rẹ̀ nípọn. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, oje funfun bí wàrà ni yóò sun. Ewé rẹ̀ kì í pín sí ìka. Etí ewé igi kékeré rí wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, ṣùgbọ́n ti àgbà igi a máa jọ̀lọ̀. Akọ àti abo ìrókò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òdòdó akọ funfun, ó rọ̀ gbọọrọ bí ìrù, ti abo kúrú, ó ki, ó sì ń di èso tí àdán fẹ́ràn. Àdán yìí ni ó ń bá wa gbin ìrókò kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewé rẹ̀ a wọ́.

Àràbà ńkọ́? Òun náà ga, ewé tirẹ̀ náà ń wọ́, nítorí náà ni ó ṣe ń tan ojú jẹ lókèèrè. Ẹ sún mọ́ ọn. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa yọ láti ìdí bí ògiri, tí ènìyàn lè fara pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ̀gún wà lára èyí tí ó ṣì kéré. Ewé rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́. Bí èso rẹ̀ bá là, òwú ni yóò tú jáde. Àràbà yìí gan-an ni ceiba tí wọ́n ń pè ní Ìrókò ní Kúbà. Lydia Cabrera kọ púpọ̀ nípa rẹ̀ nínú El Monte, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní Havana ní 1954. Àwọn baba wa gbé òrìṣà dé ibẹ̀, wọn kò lè gbé igi. Ní ti gameleira tí wọ́n ń so aṣọ funfun mọ́ ní Bahia, ẹbí ọ̀pọ̀tọ́ ni, ọ̀pọ̀tọ́ àti ìrókò sì jẹ́ ẹbí kan lójú àwọn onímọ̀ ewéko. Wọ́n jọ ní oje funfun náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn kò fọ́jú.

Nítorí náà, a kò ní kí ẹ máa bá àgbà Kúbà jiyàn lójú agbo. Òrìṣà ni ó ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, igi àti òrìṣà ni orúkọ náà ń tọ́ka sí lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ àràbà sì ní ibi tirẹ̀: olórí àwọn babaláwo ní Ilé-Ifẹ̀ fi ń joyè. Orin kan wà tí gbogbo yín mọ̀, tí ó mú igi méjèèjì kojú ara wọn. Kí ni ẹni tí ó rò pé igi kan ṣoṣo ni wọ́n yóò gbọ́ nínú rẹ̀?

Níhìn-ín, ẹ lè fọwọ́ kan ìrókò ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, nítorí orúkọ tí àwọn oníṣòwò gbà lẹ́nu Yorùbá náà ni wọ́n fi ń tà á. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, ó di rúsúrúsú. Nígbà mìíràn, òkúta líle a máa wà nínú rẹ̀ tí ń ba ayùn jẹ́.

Ẹni tí ó bá ń lọ sílé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ewé; ó lè ti wọ́ tán. Kí ó wo ìdí igi ná, bóyá ògiri wà níbẹ̀. Bí ó bá wá ku oje tí ó fẹ́ yẹ̀ wò, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà tí ó ni ìdí igi náà, kí ọ̀bẹ tó kàn án.