Spirula: Ìkarahun tí Ó Wà Lábẹ́ Awọ



Ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé inú ibú òkun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Spirula ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìjerò-Èkìtì tí a ti bí mi jìnnà sí òkun. Owó ẹyọ, tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti àwọn erékùṣù Maldives, ni ìkarahun òkun tí àwọn baba wa mọ̀ jù. Òkòtó tí àwa ọmọdé ń ta, ti ìgbín inú igbó ni. Bí mo bá fi ìkarahun Spirula han ará Ìjerò, òkòtó ni yóò pè é, yóò sì gbà pé inú rẹ̀ ni ẹran náà ń gbé.

Linnaeus pàápàá, tí ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1758, kà á mọ́ Nautilus, èyí tí ìkarahun tirẹ̀ wà lóde. Ti Spirula kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ara rẹ̀ ni ìkarahun wà, ó ká bí ìwo àgbò, ó sì pín sí yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn. Òun ni kì í jẹ́ kí ó rì. Bí ẹran náà bá kú tí ó sì jẹrà, ìkarahun a léfòó, ìgbì a sì gbé e dé etíkun. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ òkú rẹ̀ láìmọ ààyè rẹ̀.

Níwọ̀n bí ìkarahun yìí ti wà níhà ìdí, àwọn onímọ̀ ní orí rẹ̀ ni yóò máa dorí kodò. Àwọn tí a fà gòkè tí a sì kó sínú omi lórí ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ẹ̀rọ SuBastian ti Schmidt Ocean Institute ya àwòrán rẹ̀ láàyè nítòsí Ọsirélíà, ní ibú tí ó ju mítà 850 lọ: orí rẹ̀ wà lókè! Èmi kò bá àwọn ti ìṣáájú wí. Ẹran tí a fà tipátipá láti inú ibú kò lè ṣe bí ó ti ń ṣe nílé.

Ẹ má jẹ́ kí a pè é ní ìgbín òkun. Inú ìkarahun ni ìgbín ń sá sí. Inú awọ ara rẹ̀ ni Spirula ń fa orí àti apá sí. Òkòtó-abẹ́-awọ ni mo dábàá. Bí ẹnìkan bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.