Tìróò Ojú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà díjítà, èyí tí kì í lo fíìmù, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láàrin àwọn ohun tí a lè yí padà nínú rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ Sharpness sí. Bí ẹ bá gbé e sókè, ojú fọ́tò á mú. Bí ẹ bá fà á wálẹ̀, á rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ti ga tó ni fọ́tò yóò ti dára tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Kí ni kámẹ́rà ń ṣe gan-an? Ẹ ronú nípa obìnrin tí ó lé tìróò. Etí ojú ni tìróò kùn ní dúdú, kí funfun ẹyinjú lè yọ dáadáa. Bákan náà ni kámẹ́rà ń ṣe. Níbi tí dúdú àti funfun bá ti pààlà, yóò mú kí etí dúdú túbọ̀ dúdú, kí etí funfun sì túbọ̀ funfun. Ojú wa á wá rí àwòrán náà bí ẹni pé ó mú sí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò fi ohun kan kún ohun tí ó rí.

Nítorí náà, bí tìróò kò ti lè la ojú afọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni Sharpness kò lè tún fọ́tò tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n, tàbí bí kámẹ́rà bá dojú kọ ògiri ẹ̀yìn dípò ẹni tí ó wà níwájú, kò sí bí ẹ ti gbé e sókè tó tí yóò mú un mọ́.

Ní ọdún 2016, ìyá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún. Mo gbé Sharpness dé òkè pátápátá, mo ní kí fọ́tò wọn lè dán. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlà funfun kan yí gèlè wọn ká bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Gbogbo ojú wọn hunjọ bí ilẹ̀ tí ó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí mo ti gbó tó nìyí?"

Mo sáré tọ onífọ́tò kan lọ. Ó ní, "Tíṣà, JPEG ni ẹ fi yà á. Iyọ̀ ti wọnú ọbẹ̀ ná. Ta ni yóò yọ ọ́?" Ọdún kejì ni ìyá mi jáde láyé. Fọ́tò yẹn ni ó wà lára ògiri wa títí di òní.

Kí ni kí ẹ ṣe? Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Nikon, ẹ wá Picture Control. Ti Canon, ẹ wá Picture Style. Bí ẹ bá ń ya ojú ènìyàn, ẹ fi Sharpness sí ìsàlẹ̀ tàbí kí ẹ má kúrò níbi tí àwọn tí ó ṣe kámẹ́rà fi í sí. Bí ó bá jẹ́ ilé, ewé tàbí ojú ìwé, ẹ lè gbé e sókè ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì. Lálẹ́, ẹ fà á wálẹ̀, nítorí ó máa ń mú kí àwọn wóró kéékèèké tí òkùnkùn ń fà sára fọ́tò hàn síta. Ẹni tí ó bá fi RAW ya fọ́tò lè dúró títí yóò fi dé ìdí kọ̀ǹpútà kí ó tó pinnu, nítorí kámẹ́rà kò tíì sè é mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ dán an wò. Ẹ ya òdòdó kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Sharpness nísàlẹ̀, láàrin, àti lókè. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo etí ewé rẹ̀. Ẹ ṣe é lónìí, kí ọjọ́ tí ẹ óò ya ìyá yín tó dé.

Ó di ọjọ́ mìíràn o.