Heartbleed àti Ìwúlò Àyẹ̀wò Ààbò Tó Jinlẹ̀

Àléébù ààbò ni àṣìṣe inú sọ́fítíwia tí ẹlòmíràn lè gbà rí ohun tí kò yẹ kó rí, tàbí tó lè gbà ṣe ohun tí wọn kò fún un láṣẹ láti ṣe. Kì í sábà dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi léwu: sọ́fítíwia ń ṣiṣẹ́ geere, ẹnikẹ́ni kì í sì í fura.

OpenSSL ni sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí àìlóǹkà ìkànnì ń lò láti sọ ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì di àdììtú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ẹ̀dà 1.0.1 jáde pẹ̀lú ètò kékeré kan tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bi ara wọn bóyá èkejì ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó béèrè yóò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, yóò sì sọ iye lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀. Èkejì yóò dá a padà bó ṣe wà. Bí ẹnì kan bá fi "omi" ránṣẹ́ tó ní lẹ́tà 3 ni, "omi" ni yóò rí gbà. Ṣùgbọ́n bó bá fi "omi" ránṣẹ́ tó purọ́ pé lẹ́tà 60,000 ni, ẹ̀rọ kò ní kà á wò. Yóò dá "omi" padà, yóò sì máa bu ohun yòówù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì kún un títí iye yẹn yóò fi pé. Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀; kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ìkànnì náà gan-an lè wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni àṣírí tú, wọ́n sì pe àléébù náà ní Heartbleed. Neel Mehta ti Google rí i, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Codenomicon ní ilẹ̀ Finland náà rí i lọ́tọ̀. Ìlà kóòdù díẹ̀ ló tún un ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àjọ owó orí ilẹ̀ Kánádà kéde pé wọ́n ti gba ibẹ̀ jí nọ́ńbà ìdánimọ̀ nǹkan bí 900 ènìyàn.

Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí àléébù náà nítorí pé ìbéèrè olóòótọ́ ni ẹni tó kọ sọ́fítíwia sábà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò ààbò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Ní ọdún 1988, òjò ńlá da wáyà tẹlifóònù tí Barton Miller, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wisconsin, fi ń bá kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé rú. Lẹ́tà tí kò tẹ̀ ń wọlé, àwọn sọ́fítíwia sì ń dákú. Ó wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa da lẹ́tà játijàti lé wọn lórí. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kú tàbí tó há. Fuzzing ni wọ́n ń pe irú ìdánwò yìí.

Ṣùgbọ́n Heartbleed kì í pa sọ́fítíwia. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń tú àṣírí. Àfi kí aṣọ́nà kan wà tí yóò figbe ta bí sọ́fítíwia bá ka ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. AddressSanitizer jẹ́ ọ̀kan nínú irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, Hanno Böck, akọ̀ròyìn ará Jámánì, lo fuzzing àti AddressSanitizer pọ̀ lórí ẹ̀dà OpenSSL àtijọ́ náà. Wákàtí díẹ̀ péré ni Heartbleed fi jáde síta.

Ìdí tí wọn kò fi ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣáájú ni pé kò sí owó àti òṣìṣẹ́. Nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ OpenSSL, ọrẹ tó ń wọlé fún iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ́dún, bẹ́ẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ olówó gọbọi ló ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun ìtìjú gbáà ni. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Linux Foundation, àjọ tó ń ti sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ lẹ́yìn, gba owó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ láti fi ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Google dá OSS-Fuzz sílẹ̀ láti máa dán sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ wò tọ̀sán-tòru. Bí kóòdù bá ti yí padà, ìdánwò á tún bẹ̀rẹ̀, torí inú àfikún tuntun ni Heartbleed náà bá wọlé.