Ọ̀rọ̀ Lórí Alásè Wa àti Bàbá Ẹlẹ́rọ

 

Ọ̀rọ̀ alásè wa la fẹ́ sọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ò ní dárúkọ, ojú ti tì í tó.

Ẹ rántí ìgbéyàwó ọdún 2023 yẹn. Wọ́n fẹ́ kí oúnjẹ délẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ló bá lọ ẹ̀wà láti ìrọ̀lẹ́, ó dé e mọ́nú ike ńlá, ooru sì mú un mọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se mọ́ínmọ́ín mọ ohun tí ooru ń ṣe fún ẹ̀wà lílọ̀: á wú, á hó, á kan. Ó ní òun gbóòórùn ẹ̀, òun rò pé ata àti edé á bò ó. Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe, a ò gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ tiwa wá ńkọ́? Ẹni tó mú máíkì pe alásè jáde, ó ní kó wá jẹ mọ́ínmọ́ín tó sè lójú gbogbo èrò. Ó jẹ ẹ́ o. A wà níbẹ̀ nínú aṣọ ẹbí, a rẹ́rìn-ín. Àwa tá à ń kọ̀wé yìí náà rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ti san àsansílẹ̀ gbowó wọn padà. Nígbà tó máa padà, àkàrà òwúrọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti ń se ìrẹsì fún ẹgbẹ̀ta èèyàn! Bí àwọn kan bá ń kọjá, wọ́n á fọwọ́ bo imú, wọ́n á ní àwọn ń ṣeré. Eré yẹn ò dáa.

Ẹni tí kò bá wọn ṣe é ni bàbá ẹlẹ́rọ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ aláta, tí ìyàwó rẹ̀ ti jáde láyé tipẹ́. Ó ní, "Màmá, ká ní mo máa ń ṣílẹ̀kùn laago mẹ́ta òru ni, kò ní sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lọ ẹ̀wà láti ìrọ̀lẹ́." Láti ìgbà yẹn ló ti ń jí tan ẹ̀rọ fún un. Omi gbígbóná ló fi ń fọ ẹ̀rọ kó tó da ẹ̀wà rẹ̀ sí i. Àwọn tó ń sùn nítòsí fẹjọ́ ariwo sùn wá, la bá pe bàbá. Kò fèsì. Ìyálọ́jà ló wò ó lójú tó ní, "Ṣé ẹ̀wà nìkan lẹ wá ń lọ̀ lóru ṣá?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọ̀.

Àwọn kan ní ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí ló fẹ́ fi ọkọ ṣe? Ẹ bi í, ẹ má bi wá.

Ohun tá a wá bẹ̀ yín fún ni oúnjẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́. Ẹ fẹ́ gbé e fún alásè ìta. Èyí tiwa ti sè fún ìkómọ méjì àti ìsìnkú kan lọ́dún yìí, a jẹ ẹ́, kò kan. Òru ló ń lọ ẹ̀wà, ó ń pọ́n ọn sínú ewé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì kó gbogbo ẹ̀ jọ sè lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Owó tó dá lé wa kéré sí ti ará ìta. A máa dìbò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀, kó sọ ìdí mìíràn yàtọ̀ sí ọjọ́ yẹn.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni ìdàpọ̀ wọn. Ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ akápò. Ìyàwó ní òun fúnra òun lòun máa se mọ́ínmọ́ín ọjọ́ náà. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ọkọ ló máa lọ ẹ̀wà.