Oorun Kọ́ Ni Ìwòsàn: Lílo Oògùn Àlẹ́jì Lọ́nà tí Kò Léwu ní Ìlú Àbújá

Àlẹ́jì ni ìjà tí ara ń gbé dìde sí ohun tí kò yẹ kí ó bá jà rárá, ìbáà ṣe eruku, irun ajá, ẹ̀pà, edé tàbí oògùn kan, tí àwọn ẹlòmíràn ń fara kàn tàbí tí wọ́n ń jẹ láìsí wàhálà. Bí ìjà yìí bá bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó wà nínú imú, nínú ojú, ní ọ̀nà ọ̀fun àti lábẹ́ awọ a tú èròjà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hísítámìn, èyí tí ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ kí omi sì jò jáde láti inú rẹ̀, tí imú fi ń ṣomi, tí ojú fi ń pọ́n, tí ènìyàn fi ń sín léraléra, tí ara sì ń yún tí ó ń wú. Ọdún 1910 ni Henry Dale àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé iṣẹ́ tí èròjà yìí ń ṣe lára. Ní ọdún 1937 ni Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub, ní ìlú Paris, rí èròjà àkọ́kọ́ tí ó lè dènà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oró inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé fún ènìyàn lò.

Oògùn tí ń dènà hísítámìn kì í pa á, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ohun tí ó fa ìjà náà kúrò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tètè gba ojúkò tí hísítámìn ìbá gúnlẹ̀ sí lára àwọn ẹ̀yà ara, kí hísítámìn lè dé kí ó má rí àyè. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ̀ pé eruku ń dààmú òun fi ń jèrè jù bí ó bá lo oògùn náà kí ó tó wọ inú eruku, ju kí ó dúró títí imú yóò fi dí.

Eruku kò sì wọ́n ní Àbújá. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, tí ó sì ń gbé eruku wá, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di lẹ́búlẹ́bú. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ń nípọn débi pé Àpáta Aso kì í hàn sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ń sín nígbà ọyẹ́ kọ́ ni ó ní àlẹ́jì, nítorí pé eruku tí ó pọ̀ lè dá imú tí ara rẹ̀ le láàmú. Bí ibà bá sì bá ọ̀fìnkìn rìn, ó ṣeé ṣe kí àrùn mìíràn wà níbẹ̀ tí oògùn àlẹ́jì kò lè wò.

Nínú gbogbo oògùn àlẹ́jì, Piriton ni ó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà, orúkọ èròjà inú rẹ̀ sì ni chlorpheniramine. Ibà ni ó sọ ọ́ di ará ilé. Nígbà tí chloroquine ṣì jẹ́ oògùn ibà tí tọmọdé tàgbà ń lò, ó máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú yún wọn kíkankíkan, àwọn tí ń ta oògùn sì sọ ọ́ di àṣà láti di Piriton mọ́ ọn, kí aláìsàn lè fara dà á. Ní ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ fi àwọn oògùn tí artemisinin wà nínú wọn rọ́pò chloroquine, ṣùgbọ́n Piriton kò bá a lọ. Ó dúró sínú àpò àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí oògùn tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ìgbàgbọ́ kan sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ pé bí oorun bá ti ń kun ẹni tí ó lò ó, oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí ni ó léwu jù. Hísítámìn wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú, níbi tí ó ti wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn wà lójúfò; chlorpheniramine, promethazine àti diphenhydramine, tí wọ́n jẹ́ oògùn àtijọ́, ń wọ inú ọpọlọ lọ dènà rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé imú ni aláìsàn ní kí wọ́n tọ́jú. Oorun náà kì í ṣe àmì ìwòsàn, àṣìrìn oògùn ni. Ó tó nǹkan bí ogún wákàtí kí ìdajì chlorpheniramine tó kúrò lára àgbàlagbà, nítorí náà awakọ̀ tí ó lò ó lálẹ́ ní Nyanya tí ó sì gba ọ̀nà Kaduna lọ ní ìdájí ṣì ní púpọ̀ rẹ̀ lára, bí ó tilẹ̀ rò pé òun ti sùn ún tán. Bí ọtí tàbí oògùn oorun bá pàdé rẹ̀, ewu di méjì. Cetirizine, loratadine àti fexofenadine, tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Síbẹ̀ cetirizine ṣì ń kun àwọn kan lóorun, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dá pé gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Fífún ọmọdé ní oògùn àlẹ́jì olómi kí ó lè sùn, kí ìyá rẹ̀ sì ráyè ṣiṣẹ́, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 2004 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ gidigidi pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní promethazine, nítorí pé ó ti mú kí èémí àwọn ọmọ kan dúró. Ewu mìíràn sì wà tí kò ti ọwọ́ oògùn fúnra rẹ̀ wá. Oògùn olómi tí ń jẹ́ My Pikin, tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà ní 2008 sí 2009, ní diphenhydramine nínú. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn olómi mẹ́rin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa wọn ní oṣù kẹwàá 2022, lẹ́yìn ikú àwọn ọmọdé ní Gambia, sì jẹ́ promethazine. Májèlé tí ń jẹ́ diethylene glycol ni wọ́n bá nínú wọn, kì í ṣe oògùn àlẹ́jì ni ó ṣekú pa àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n òbí tí kò fún ọmọ ní oògùn tí kò nílò ti gbé e jìnnà sí ewu méjèèjì. Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ wà lára ìgò tí ó bá pọn dandan láti rà.

Àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú nílò ìṣọ́ra. Oògùn àtijọ́ lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá tí próstéètì rẹ̀ ti wú, ó lè ba ojú tí ó ní glaucoma jẹ́ sí i, ó sì lè dojú iyè arúgbó rú títí tí yóò fi ṣubú. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọ́dọ̀ lo ju mílígírámù 24 chlorpheniramine lọ láàárín ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ti ní in nínú, tí ẹni tí ó lo méjèèjì pọ̀ fi ń lo ìlọ́po láìmọ̀. Kí a ka ara páálí kí a tó gbé e mì.

Ó ku ibi tí oògùn yìí kò tó sí rárá. Bí ètè àti ahọ́n bá ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, oògùn tàbí oró kòkòrò, tí ọ̀fun ń há, tí èémí ń han gooro tàbí tí òòyì ń kọ́ ẹni náà, fífi Piriton dúró dè é jẹ́ fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, nítorí pé abẹ́rẹ́ adrenaline ni ó ń gba ẹ̀mí irú ẹni bẹ́ẹ̀ là, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ rí i gbà. Kí wọ́n tẹ 112, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ tòsí jù.