Ìlù Ọkàn Àwọn Ọmọ Tí A Ti Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti yàrá òkè apá ọ̀tún ni iná kékeré kan ti ń ṣẹ́, tó ń gba ọ̀nà tóóró sọ̀kalẹ̀, tí ẹran ọkàn á sì fún pọ̀. Bí iná náà bá sáré jù, tó falẹ̀ jù, tàbí tó sọnù lọ́nà, ìlù ọkàn dàrú nìyẹn.

Ohun tí mo wá sọ ni pé ọmọ tí a bí àléébù ọkàn mọ́, tí a sì ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó gbọ́dọ̀ máa rí dókítà ọkàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń bá àwọn kan jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní bí a bá ti dí ihò inú ọkàn, tí ọmọ ń sáré kiri, iṣẹ́ ti parí, kí a má dẹ́rù ba òbí. N kò gbà. Ibi tí abẹ bá gbà, àpá á wà níbẹ̀, àpá kì í sì í gbé iná. Iná tó bá pàdé rẹ̀ lè máa yí i po léraléra, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ òpó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, ibi tí mo máa ń fi ọ̀rọ̀ mú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi dé. Ní ọdún 1954, Dókítà C. Walton Lillehei bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò tó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì ọkàn àwọn ọmọdé. Wọn ò lo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró; òbí ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró òbí á máa ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ìgboyà ńlá ni. Ṣùgbọ́n etí ihò yẹn gan-an ni ọ̀nà iná gbà kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, iná òkè kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ihò á dí, ọmọ sì lè kú. Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ran wáyà tín-ín-rín mọ́ ara ọkàn, tí ẹ̀rọ tí a kì bọ iná ara ògiri á máa ta á jí. Ọmọ kò lè rìn kọjá ibi tí wáyà gùn dé. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, iná ìlú lọ. Kò sí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Lillehei bá ké sí Earl Bakken, tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe, pé kó wá èyí tó ń lo bátìrì. Bakken rántí àwòrán ẹ̀rọ tí àwọn olórin fi ń ka ìlù, èyí tó ti rí nínú ìwé ìròyìn kan, ó sì fi ṣe àpótí kékeré kan tí ọmọ lè gbé kọ́ra. Wọ́n dán an wò lára ajá. Lọ́jọ́ kejì tó padà dé ọsibítù, ó bá a lára ọmọ kan.

Àwọn tí ń bá mi jiyàn á ní ìtàn àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lillehei kò sọ pé ihò ti dí kí òbí máa gbé ọmọ lọ. Ó ń wo ìlù ọkàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ni pacemaker, àpótí tó ń ta ọkàn jí, èyí tó ṣeé gbé kiri, ti jáde.

Ìdàrú ìlù ọkàn tó ń pẹ́ kó tó dé ló burú jù. Ẹ mú àìsàn tí Fallot ṣàlàyé ní Marseille lọ́dún 1888, tí ètè ọmọ fi ń dúdú. Bí a bá la ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, fáàfù ibẹ̀ sábà máa ń jò. Yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àpá wà lára rẹ̀, ó lè tó ogún ọdún kí ọkàn tó ṣàdédé sáré. Ní London, lọ́dún 1995, Gatzoulis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ECG, àwòrán iná ọkàn, bá fi hàn pé iná ń lo 180 millisecond tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tàn ká yàrá ìsàlẹ̀, ewu wà nítòsí. Kì í tó 120 lára ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ẹ̀yin òbí, mo fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, àpá gígùn láyà, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní India nígbà tó wà ní kékeré. Kò mọ ohun tí wọ́n ṣe, ìwé ti sọnù. Níbo ni kí n ti máa wá àpá inú? Ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ni kí ẹ tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ sí. Ẹ̀yin dókítà kékeré náà, ẹni tó ní ọkàn òun ń lù kìkìkì, tí àpá wà láyà rẹ̀, ẹ má kọ oògùn ibà fún un kẹ́ ẹ ní kó máa lọ.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba àwọn iṣẹ́ abẹ mìíràn tó ń kan ìlù ọkàn. Iṣẹ́ abẹ tí Mustard bẹ̀rẹ̀ ní Toronto lọ́dún 1963, fún ọmọ tí iṣan ńlá méjì tó ń jáde látinú ọkàn rẹ̀ gba ipò ara wọn, máa ń pa orísun iná lára. Èyí tí Jatene ṣe fún àléébù kan náà ní São Paulo lọ́dún 1975 dín ìyẹn kù púpọ̀. Ti Fontan ní Bordeaux, fún ọmọ tí yàrá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, máa ń mú kí yàrá òkè fẹ̀. Oògùn wà, pacemaker wà, a sì lè gba iṣan itan wọlé lọ jó ibi tí iná ti ń yí po.

Ọmọ tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tó bá dákú níbi tó ti ń sáré, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e wá fún ECG.